Òfin tí balógun fúnra rẹ̀ ń pa mọ́: Barcelona láti 2008 sí 2012

Ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, àwọn agbábọ́ọ̀lù Barcelona tò sí ìlà méjì lórí pápá Santiago Bernabéu, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Real Madrid. Àṣà bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Sípéènì ni. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti gba líìgì kí sáà tó parí, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò tò, tí yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń wọ pápá. Fún ọmọ Barcelona, kò sí ìyà tó tó bẹ́ẹ̀. Àtẹ́wọ́ tán, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, Real tún fojú wọn gbolẹ̀ pẹ̀lú àmì ayò 4-1.

Nígbà tí sáà yóò fi parí, Real ní àmì 85, Villarreal ní 77, Barcelona ní 67. Ẹ rántí pé ọdún méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni Barcelona yìí kan náà na Arsenal 2-1 ní Paris, tí wọ́n gbé ife Champions League lọ sílé. Ronaldinho ṣì wà níbẹ̀. Deco wà níbẹ̀, Samuel Eto'o wà níbẹ̀, Lionel Messi sì ń gòkè bọ̀. Ẹ̀bùn kò tán nínú ilé yẹn. Ohun tó tán ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Frank Rijkaard tó ń kọ́ wọn nígbà náà jẹ́ onípẹ̀lẹ́ ènìyàn tó gbà pé àwọn àgbà inú ikọ̀ lè ṣàkóso ara wọn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ebi ife ẹ̀yẹ ṣì ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n yó, ilé di ẹlẹ́nu méjì mẹ́ta, ara Ronaldinho wúwo, kò sì sẹ́ni tó lè wí fún un.

Mo yan ìtàn yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló fojú rí i lórí tẹlifíṣàn, tí a sì rò pé Messi nìkan ló ṣe é. Messi ṣe tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Messi wà nínú ikọ̀ tó gba ipò kẹta lọ́dún 2008. Ohun tó yí padà láàárín ọdún kan ni ìwà tí gbogbo ilé fẹnu kò sí, àti irú àwọn tó ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni kò rú u.

Ìpinnu àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́. Wọ́n bá José Mourinho sọ̀rọ̀, ẹni tó ti gba Champions League pẹ̀lú Porto lọ́dún 2004, tó sì ti gba líìgì lẹ́ẹ̀méjì ní Chelsea. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì mú Pep Guardiola, ọmọ ọdún 37, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti ṣe gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ ọdún kan pẹ̀lú ikọ̀ kejì Barcelona ní ìpele kẹrin líìgì Sípéènì. Ó gbé wọn gòkè ní ọdún yẹn. Ọmọ ilé ni: ó wọ La Masia, ilé tí ẹgbẹ́ náà ti ń tọ́ àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ó gba bọ́ọ̀lù fún Johan Cruyff tó ń kọ́ Barcelona nígbà náà, ó sì di balógun. Ní ti ìmọ̀ iṣẹ́, Mourinho ló yẹ. Ní ti ìwà tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ilé, wọ́n rí i pé Guardiola ni.

Níbi ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn oníròyìn ní oṣù Kẹfà, Guardiola dárúkọ ènìyàn mẹ́ta: Ronaldinho, Deco àti Eto'o. Ó ní òun ń ṣètò sáà tó ń bọ̀ láìsí wọn. Ronaldinho lọ sí Milan, Deco lọ sí Chelsea. Eto'o kò lọ. Aṣọ nọ́ńbà 10 bọ́ sọ́rùn Messi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró síbí, wọ́n á ní akíkanjú ni torí ó lé àwọn ńlá jáde. Lílé ènìyàn jáde kò le. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní agbára lè lé ènìyàn jáde. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kí a wò.

Ní oṣù Keje, ó kó wọn lọ fún ìgbáradì ní St Andrews, nílẹ̀ Scotland. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú tí nǹkan kò bọ́ sí i, òun yóò dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbìyànjú, òun kò ní gbójú fò ó. Òfin tó tẹ̀ lé e kéré lójú. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìgbáradì yóò san owó ìtanràn. Gbogbo wọn yóò máa jẹun àárọ̀ pa pọ̀ níbi ìgbáradì, kí wọ́n lè rí ara wọn sójú, kí dókítà sì lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Kì í ṣe òfin tuntun lágbàáyé bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ní irú rẹ̀ tí wọ́n kọ sórí ìwé.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni òfin tó mú kúrò. Tẹ́lẹ̀, bí Barcelona bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé, wọ́n á kó àwọn agbábọ́ọ̀lù sí hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí ẹni ń ṣọ́ ọmọdé kó má baà sá lọ ṣeré. Guardiola fòpin sí i. Ó ní kí kálukú sùn sílé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kó wá láàárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ó fi yé wọn pé òun gbà pé àgbàlagbà ni wọ́n. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn: ó le lórí aago, ó sì tú wọn sílẹ̀ lórí oorun. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fọkàn tán tó báyìí, ojú á tì í láti jáde lọ sílé ijó ní ọjọ́ tó ku ọ̀la. Ẹni tí wọ́n tì mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ọgbọ́n tí yóò fi jáde ni yóò máa wá.

Òfin náà mú òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Kò bá oníròyìn kankan ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àdáni. Tẹlifíṣàn ńlá àti ìwé ìròyìn kékeré abúlé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀: ẹ wá síbi ìpàdé oníròyìn, ẹ béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́. Ní ìlú tí àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá ń jí ọ̀rọ̀ yàrá ìmúra gbé jáde lójoojúmọ́, èyí dí ihò ńlá kan. Bí olórí kò bá ní ọ̀rẹ́ nínú ìwé ìròyìn, agbábọ́ọ̀lù wo ni yóò ní in? Ní oṣù Kíní ọdún 2009, wọ́n kó ìgbáradì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Camp Nou, pápá ńlá wọn, wọ́n kó o lọ sí pápá tuntun ní Sant Joan Despí, níbi tí ojú ayé kò ti pọ̀.

Lórí pápá, ìwà tí wọ́n fẹnu kò sí náà di ohun tí ojú ń rí. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn yóò fi sáré lé e, pàápàá ẹni tó bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó tóbi ju sáré lọ. Thierry Henry, tó ti gba ife àgbáyé pẹ̀lú Faransé, sáré. Messi sáré. Eto'o tí wọ́n fẹ́ lé lọ, òun ló sáré jù. Ẹ̀yin tí ẹ rántí sáà yẹn yóò rántí bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹgbẹ́ mìíràn ṣe máa ń gba bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á gbójú sókè, tí ènìyàn mẹ́ta á ti dúró tì wọ́n. Àwọn mìíràn pè é ní ọgbọ́n ìgbábọ́ọ̀lù. Ìwà ni mo pè é ní tèmi, torí pé ọgbọ́n kò lè mú kí ẹni tó ti gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lágbàáyé, tàbí tó ń retí rẹ̀ sáré padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 85 nígbà tí wọ́n ti ń borí 4-0.

Ìdánwò àkọ́kọ́ dé kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kan àwa ọmọ Nàìjíríà. Messi fẹ́ lọ bá Ajẹntínà díje ní Olímpíìkì Beijing. Ẹgbẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ eré ìdárayá, wọ́n jàre ní oṣù Kẹjọ. Òfin gbà wọ́n láyè láti dá a dúró. Guardiola, tó ti gba wúrà Olímpíìkì fúnra rẹ̀ ní Barcelona lọ́dún 1992, ní kó máa lọ. Ó gba pé ọmọ tí a bá fipá dá dúró kò ní fi ọkàn ṣiṣẹ́. Messi lọ, ó dé àṣekágbá, ó fi bọ́ọ̀lù síwájú Ángel Di María, Di María gbá a lé Nàìjíríà lórí, 1-0. Inú wa kò dùn ní ọjọ́ yẹn, inú ikọ̀ Samson Siasia pàápàá kò dùn. Ṣùgbọ́n Messi tó padà sí Barcelona yàtọ̀ sí Messi tó ń fajú ro ní Scotland. Ó jẹ gbèsè ìfẹ́, ó sì san án fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Líìgì bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ burúkú. Numancia, ẹgbẹ́ kékeré láti ìlú Soria, na wọ́n 1-0. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Racing Santander nílé. Àmì kan ṣoṣo nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Ariwo sọ ní Barcelona. Wọ́n ní ọmọdé ni, wọ́n ní kí wọ́n ti mú Mourinho. Cruyff nìkan nínú àwọn àgbà ló jáde ní gbangba láti sọ pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá dára, kí wọ́n ní sùúrù.

Nínú ilé, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Andrés Iniesta, tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ènìyàn lè jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì láti Barcelona dé Madrid láìgbọ́ ohùn rẹ̀, lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Guardiola. Ó sọ fún un pé ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n wà, pé inú àwọn ń dùn sí ìgbáradì, kó jọ̀ọ́ má yí ohunkóhun padà. Ó sọ tán, ó jáde. Guardiola ló sọ ìtàn yìí lẹ́yìn náà. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí pàtàkì ju gbogbo òfin owó ìtanràn lọ. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ń dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́kàn le lórí ìlànà akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìlànà náà ti di ti gbogbo ilé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, wọ́n lọ sí Gijón, wọ́n fi 6-1 na Sporting. Sergio Busquets àti Pedro, tí wọ́n ti wà lábẹ́ Guardiola ní ìpele kẹrin ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ti ń bá àwọn ńlá gbá.

Kí ni kí n tún sọ nípa sáà yẹn? Messi gbá 38 wọlé, Eto'o 36, Henry 26: ọgọ́rùn-ún àmì ayò láti ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 2009, wọ́n padà sí Bernabéu, pápá tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ọ̀tá lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì na Real 6-2. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ti Chelsea ní Stamford Bridge, níbi tí àmì ayò Iniesta ní ìṣẹ́jú 93 ti gbé wọn lọ sí àṣekágbá. Kí n sọ òótọ́: Chelsea ní ẹjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹfirí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oríire sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìwà rere tó lè ra irú òru bẹ́ẹ̀.

Òru náà tún kó wọn sí wàhálà. Éric Abidal gba káàdì pupa, Dani Alves ti gba káàdì tó yọ òun náà, Rafael Márquez sì ti farapa ṣáájú. Àṣekágbá pẹ̀lú Manchester United ní Róòmù ń bọ̀ ní ọjọ́ 27, wọn kò sì ní ẹni tí yóò dúró lápá òsì ẹ̀yìn. Guardiola ro ó, ó ro ó, ó pe Seydou Keita, ọmọ Mali tó ra láti Sevilla ní ọdún 2008. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni Keita. Bẹ́ńṣì ló sábà máa ń jókòó sí. Guardiola bi í bóyá ó lè gbá ẹ̀yìn apá òsì ní àṣekágbá.

Ẹ ro ó wò. Àṣekágbá Champions League, gbogbo Áfíríkà yóò wò ó, ìyá rẹ yóò wò ó ní Bamako, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ láti bẹ̀rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù mélòó ni yóò kọ̀? Keita kọ̀. Ó ní òun yóò ṣe ohunkóhun fún un, ṣùgbọ́n òun kò gbá ipò yẹn rí, kò yé òun, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni yóò jìyà rẹ̀. Kó má fi òun síbẹ̀. Guardiola ti Carles Puyol sí apá ọ̀tún, ó fi Sylvinho, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, sí apá òsì, Yaya Touré sì lọ gbá àárín ẹ̀yìn. Eto'o gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 10, Messi fi orí kan èkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 70. Keita wọlé rọ́pò Henry ní ìṣẹ́jú 72. Guardiola kò dẹ́kun láti máa sọ nípa Keita títí tó fi kúrò ní Barcelona. Ó ní òun kò tíì rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Mo fà á gùn nítorí pé ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ohun tí àwọn kan máa ń sọ, pé àwọn tí wọ́n tọ́ ní La Masia nìkan ni ìwà yẹn bá lára mu. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ o. Ẹgbẹ́ náà ṣí La Masia gẹ́gẹ́ bí ilé àwọn ọmọ lọ́dún 1979, nínú ilé oko àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1702. Xavi ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ọmọ ọdún 11, Iniesta dé láti abúlé Fuentealbilla lọ́mọ ọdún 12, ó sì sunkún ilé lóru, Messi dé láti Rosario lọ́mọ ọdún 13. Ìkíni, iléèwé, ìtẹríba, bí a ṣe ń borí láìfi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ènìyàn 7 nínú 11 tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ló jáde láti ibẹ̀. Ní àṣekágbá ọdún 2011, 7 náà ni. Nígbà tí wọ́n pín Ballon d'Or ọdún 2010, Messi ṣe ipò kìíní, Iniesta ìkejì, Xavi ìkẹta, ọmọ ilé kan náà. Bí ilé bá ti kọ́ ọ láti kékeré, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún ọ.

Ṣùgbọ́n Keita kò mu omi La Masia. Ẹni ọdún 28 ni nígbà tó dé. Abidal kò mu ún, Sylvinho kò mu ún. Ìwà náà ṣe é kọ́ fún àgbà, bí ó bá bá a lára mu, tí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Níbi ìṣílẹ̀kùn yìí ni mo ti bá Guardiola jà. Eto'o, ọmọ Kamẹrúùnù, tí wọ́n ní kó lọ ní gbangba, dúró, kò bínú pa iṣẹ́, ó sáré ju gbogbo wọn lọ, ó gbá 36 wọlé, ó gbá èyí tó ṣí àṣekágbá. Ní òpin sáà náà, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Zlatan Ibrahimović, wọ́n tún fi owó tó tó mílíọ̀nù 46 yúrò lé e fún Inter. Guardiola ní ohun tó wà láàárín òun àti Eto'o kò bára mu. Bí ìlànà ilé bá sọ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ kára ni ilé ń fẹ́, tí ẹni tó ṣiṣẹ́ kára jù sì di ẹni àkọ́kọ́ tó ń lọ, ìlànà náà ti ní àbùkù. Inter gba ife mẹ́ta lọ́dún 2010, wọ́n já Barcelona sílẹ̀ lójú ọ̀nà, Eto'o sì wà níbẹ̀ tó ń sáré padà sẹ́yìn bí aṣọ́lé kejì.

Inú Ibrahimović fúnra rẹ̀ kò dùn. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun dé, wọ́n sọ fún òun pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í gbé Ferrari tàbí Porsche wá síbi ìgbáradì. Ó ní Messi, Xavi àti Iniesta dà bí ọmọ iléèwé tó ń gbọ́ràn sí tíṣà lẹ́nu. Ó fi sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Èmi kò rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn rẹ̀ nìkan. Ẹ kì í ra ènìyàn bíi Zlatan tán kí ẹ wá máa bi í bóyá ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ó gbá 21 wọlé ní sáà kan, ó sì lọ sí Milan. Yaya Touré náà lọ sí Manchester City lọ́dún 2010, ó ní Guardiola kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí: ikọ̀ tí ìwà rẹ̀ so pọ̀ dáadáa máa ń ṣòro fún àlejò, olórí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ohun tí ilé kò ṣe fún àlejò náà láti kékeré. Guardiola kò ṣe é fún àwọn yìí tó.

Ti Abidal yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, wọ́n rí kókó burúkú nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ méjì sí ìgbà tí ẹgbẹ́ kéde rẹ̀. Kò ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá látòkè délẹ̀ ní Wembley, ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún. Wọ́n na Manchester United 3-1. Puyol, tó jẹ́ balógun láti ọdún 2004, kò bẹ̀rẹ̀ nítorí ìlera. Ìṣẹ́jú 88 ni wọ́n gbé e wọlé. Àṣà ni pé balógun ló ń kọ́kọ́ gbé ife. Nígbà tí wọ́n gun òkè, Puyol so àmì balógun mọ́ apá Abidal, ó sì tì í síwájú. Abidal ló gbé ife náà sókè. Kò sí òfin owó ìtanràn tó lè kọ́ni ní irú èyí.

Puyol yìí ni òpó ọ̀rọ̀ náà, òun sì ni mo ti ń bọ̀ wá bá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ abúlé La Pobla de Segur ni, ó wọ La Masia ní ọmọ ọdún 17, tó ti pẹ́ fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó ní ni pé kò gba ìgbàkugbà. Nígbà kan, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Real, ẹnì kan ju ìṣáná láàtà sórí pápá. Gerard Piqué gbé e, ó ń lọ fi han rẹfirí. Puyol já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ síta, ó sì ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́jọ́ lè kẹ́jọ́ níwájú kámẹ́rà. Ní ilé yìí, bọ́ọ̀lù la wá gbá.

Lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2012, Guardiola kéde pé òun ń lọ ní òpin sáà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n lọ gbá Rayo Vallecano, ẹgbẹ́ kékeré kan láti ẹ̀yìn Madrid. Ayò ń rọ̀ bí òjò. 7-0 ló parí sí. Nígbà tí Thiago gbá ọ̀kan wọlé, òun àti Alves dúró ní ìgun pápá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Rayo ń wò. Puyol sáré láti ẹ̀yìn pápá, ó wọ àárín wọn, ó fọwọ́ tì wọ́n sọ́tọ̀, ó ní ó tó. Kò rẹ́rìn-ín. Thiago jẹ́ ọmọ ọdún 21, Alves ti gba ife ju ẹni tó lè kà lọ. Àwọn méjèèjì ni Puyol bá wí, níwájú gbogbo ayé. Lẹ́yìn eré, Guardiola tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rayo.

Olórí tó fi òfin lélẹ̀ ti ń di ẹrù rẹ̀. Líìgì ti bọ́, Real ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Àṣekágbá Champions League ti bọ́, Chelsea ti já wọn ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jó, kò sí ohun tí ijó náà lè bà jẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì bẹ Puyol níṣẹ́. Ní ọdún 2008, Guardiola ló ń gba owó ìtanràn. Ní ọdún 2012, agbábọ́ọ̀lù ló ń dá agbábọ́ọ̀lù lẹ́kun, láìsí owó, láìsí ìwé. Ife ẹ̀yẹ 14 ni wọ́n gbà lábẹ́ Guardiola ní ọdún mẹ́rin náà.

Tito Vilanova, igbákejì rẹ̀, gba ipò náà, ó sì gba líìgì tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àmì 100. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún 2012, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Levante, Alves farapa, ọmọ La Masia mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Gbogbo 11 tó wà lórí pápá wá jẹ́ ọmọ ilé. Àìsàn kò jẹ́ kí Vilanova pẹ́. Puyol fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014, Xavi lọ lọ́dún 2015 lẹ́yìn tí wọ́n tún gba ife mẹ́ta, Iniesta lọ lọ́dún 2018. Owó ńlá ni ẹgbẹ́ wá fi ń ra ènìyàn láti rọ́pò wọn, irú àwọn tó ń dáni lẹ́kun kò sì sí ní ọjà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Bayern Munich na Barcelona 8-2 ní Lisbon. Messi wà lórí pápá, Busquets wà níbẹ̀, Piqué wà níbẹ̀. Piqué ló dúró síwájú tẹlifíṣàn lẹ́yìn eré náà, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù àti ní Wembley. Ó ní ìtìjú ni, ó ní ẹgbẹ́ ti kan ilẹ̀, ó sì ní bí ó bá gba pé kí ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa lọ.